Ẹ̀kúyá Olódòdó Pupa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ayégbajú, tí orúnkún mi ò tíì máa dún bó ṣe ń dún yìí, a kì í ra ẹ̀fọ́. Ta ni yóò ra ẹ̀fọ́? Ẹ ṣáà yà sẹ́yìn ilé, kí ẹ já èyí tó bá wù yín. Ẹ̀kúyá pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n gbìn ín. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, torí ẹ̀kúyá méjì ló wà, wọ́n sì jọra bí ọmọ ìyá. Ọ̀kan ni à ń jẹ. Èkejì máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ó sì ń ta lẹ́nu. Ẹ̀kúyá ewúrẹ́ ni ìyá àgbà mi ń pè é. Òdòdó la fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀, òdòdó yìí náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìgbéyàwó àǹtí mi jẹ́.

Àǹtí mi yìí ni àbíkẹ́yìn ìyá àgbà. Kàdúná ló ti dàgbà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ibẹ̀ ló ti kàwé. Ó darí wálé, ọkùnrin kan láti Ìkọ̀lé rí i, ọ̀rọ̀ wọn wọ̀. Ó wá ku ìyá ọkùnrin náà. Màmá yìí ní àwọn ò ní gba ìyàwó tí àwọn ò tíì jẹ ọbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀kúyá ni wọ́n fẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bá a dá sí i. Ẹ̀rù ba àǹtí mi débi pé kò lè fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín.

Ìyá àgbà kúkú kìlọ̀ fún un: “Bó o bá dé ẹ̀yìn ulé, èyí tí òdòdó rẹ̀ pupa, má fọwọ́ kàn án o. Ti ewúrẹ́ nìyẹn.”

Ṣé ọ̀rọ̀ tún kù lẹ́yìn ìyẹn? Àṣé ó kù. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ. Nígbà tí a débẹ̀, àǹtí mi wo ẹ̀kúyá gidi, olódòdó funfun, ó rí i pé igi rẹ̀ pọ́n díẹ̀, òdòdó náà sì pọ́n díẹ̀ létí. Ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n! Pupa rèé.” Ó fi í sílẹ̀. Ló bá bọ́ sídìí ti ewúrẹ́, ó ń já a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo ní, “Àǹtí, èyí yẹn ló pupa o.” Ó ní kí n panu mọ́, pé èyí kì í ṣe pupa, àwọ̀ ìyeyè ni, wọ́n kọ́ òun nílé ìwé. Ilé ìwé! Nílé wa, epo pupa, ọsàn tó pọ́n pupa, inú ẹyin adìẹ pupa. Ta ló ráyè ìyeyè?

Màmá Ìkọ̀lé dé, a gbé iyán àti ọbẹ̀ tí àǹtí mi dá sè fún wọn. Wọ́n mi òkèlè àkọ́kọ́. Ojú wọn kọ́kọ́ dúró, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dami. Ìyá àgbà tọ́ ọbẹ̀ náà wò, àwọn náà sáré wá omi. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Lọ́jọ́ náà, ó mì!

Màmá Ìkọ̀lé béèrè pé, “Ta ló já ẹ̀fọ́ yìí?”

Àǹtí mi kúnlẹ̀ gbì, ó ń sunkún. “Èmi ni, mà. Ìyá mi ní kí n má já èyí tó pupa. Mi ò sì já a, mà.” Ó na ẹ̀ka kan tó ṣẹ́kù nínú agbọ̀n sí wọn, òdòdó ṣì wà lórí rẹ̀.

Màmá gba ẹ̀ka náà, wọ́n gbé òdòdó rẹ̀ lé apá ara wọn. Ẹ sì jẹ́ kí ó yé yín pé obìnrin pupa fòò ni màmá yìí. “Wò mí dáadáa. Kí ni àwọ̀ tèmi?”

“Ẹ pupa, mà.”

“Òdòdó yìí ńkọ́?”

Àǹtí mi wo òdòdó, ó wo apá, ó tún wo òdòdó. “Yéè! Òun náà pupa, mà.”

Màmá bú sẹ́rìn-ín, omijé ọbẹ̀ dà pọ̀ mọ́ omijé ẹ̀rín. “Ẹ gbé ọbẹ̀ yìí fún ewúrẹ́ tó ni ín. Ìyàwó mi ò mọ ẹ̀fọ́. Èmi ni n ó kọ́ ọ.” Ìyàwó mi! Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ni àǹtí mi bá tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún mìíràn.

Ayé ti yí o. Oògùn apakoríko ti pa ẹ̀kúyá ẹ̀yìn ilé wa tán, ó sì ń dùn mí. Bí mo ṣe rí díẹ̀ lẹ́bàá odò lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé agbọ̀n fún ọmọ-ọmọ mi kó bá mi já a. Ó kọ́kọ́ ya ewé náà sí fóònù, fóònù sì dá a lóhùn pẹ̀lú orúkọ òyìnbó kan tó gùn ju ẹsẹ̀ mi lọ. Orí mi wú. Mo ní, “Ó dáa, òdòdó rẹ̀ ńkọ́? Ó funfun ni, àbí ó pupa?”

Ó ní, “Kò sí nínú méjèèjì, Màmá àgbà. Yẹ́lò ni.”

Mo gba agbọ̀n mi lọ́wọ́ rẹ̀.