Ògúntóyè àti Iná Orí Àwọn Akọrin

Ògúntóyè kò gbé iná kọ́ ara pákó àjà rí. Ogójì ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ iná ní Ara-Èkìtì kó tó kú ní èṣí. Páìpù irin tí wáyà ń gba inú rẹ̀ kọjá ni yóò fi bóòtì dè mọ́ igi òrùlé, yóò wá gbé iná rọ̀ sórí páìpù. "Ẹwà lásán ni pákó àjà," ló máa ń wí. "Kò gbẹ́rù."

Ṣọ́ọ̀ṣì ra iná ńlá ẹlẹ́ka méjìlá. Ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ fi ìṣó kàn án mọ́ pákó. Ní ọjọ́ Sátidé kan, iná já lu ìjókòó àwọn akọrin. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n tún iná ṣe, wọ́n pe Ògúntóyè, ó de páìpù rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ruth, olórí akọrin, ní ẹgbẹ́ òun kò ní jókòó sábẹ́ iná kankan mọ́.

"Bí wọn ò bá jókòó," ni Ọládipọ̀ tó jẹ́ bàbá ìjọ wí, "ẹ óò tú u."

Oníná tí wọ́n bá ní kó tú iṣẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni yóò tún pè é sílé? Ògúntóyè gbé iná náà wò lọ́wọ́. Ó tó uṣu mẹ́jọ, ó ní. Ó lọ sóko, ó kó ogójì iṣu wá, ó so wọ́n rọ̀ sórí páìpù bí ẹni ń so iṣu mọ́ ọgbà. Ó ní kí wọ́n wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Kò mọ̀ pé ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tó padà dé, páìpù ti ṣófo.

"Uṣu mi dà?"

"A ti lù wọ́n ní gbàǹjo," ni Ọládipọ̀ dáhùn. "Àlùfáà dárúkọ yín lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo fi dán páìpù wò ni. Mi ò fi tọrẹ."

"Ọlọ́run ti gbà á."

Ògúntóyè wo òkè. "Páìpù ńkọ́? Ó tẹ̀?"

"Kò tẹ̀."

"Ó tó bẹ́ẹ̀."

Kò tó Ruth. "Uṣu kì í kọrin, Bàbá," ló wí. "Bí a bá ń kọrin, ilé ń mì."

Ẹni tó ti dán iṣẹ́ wò rí fún Dúpẹ́, oníbàárà rẹ̀ kan, kò lè ṣàìdá Ruth lóhùn. Ní pálọ̀ Dúpẹ́ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ara rẹ̀ ni Ògúntóyè fi rọ̀ mọ́ páìpù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Dúpẹ́ ní, "Bàbá, iná ni mo ní kí ẹ gbé rọ̀ o." Ó rọ̀ síbẹ̀ títí obìnrin náà fi se oúnjẹ jinná.

Ògún ni Ògúntóyè ń bọ. Kò wọ ìsìn rí. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó gbé iná sókè, ó wọ agbádá, ó jókòó sábẹ́ rẹ̀ gan-an, òun nìkan láàárín ìjókòó akọrin. Àwọn akọrin dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ kọ ọ́ kó le," ló wí fún Ruth.

Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n lu ìlù, wọ́n fẹsẹ̀ kilẹ̀, fèrèsé ń gbọ̀n. Iná kò mira. Ní orin kẹta, Ruth wo òkè, ó wo bàbá náà, tó pa ojú dé, tó ń mi orí sí orin. Ó rẹ́rìn-ín. Ó lọ jókòó tì í. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, títí ìjókòó fi kún.

"Bàbá, ẹ sún díẹ̀," ni Ruth wí jẹ́jẹ́. "Ẹnì kan ṣì dúró."

Ògúntóyè dìde, ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún onítọ̀hún, ó sì bá ẹnu ọ̀nà jáde.