Ìwé Tí Mo Kọ̀ Láti Kà

Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ni mo ń gbé ní Ìkìrun nígbà tí mo wà nílé ìwé mọ́dà. Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni wọ́n ń ṣe níwájú ilé. Akọ̀wé ìjọba ni ọkọ wọn, ẹni ńlá sì ni nínú ìjọ. Mi ò ní pe ọkùnrin náà ní "wọn" níbí. Nígbà yẹn, mo ń pè é bẹ́ẹ̀, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, torí abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni mo ń sùn.

Ó máa ń lu Àǹtí. Ọbẹ̀ tó bá tutù, ó tó. Èsì tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tó. Ó máa kọ́kọ́ bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, kí aago má baà fọ́.

Ní kíláàsì wa, tíṣà ń mú wa ka ìwé ìtàn kan. Ọkọ inú ìtàn náà na ìyàwó rẹ̀ bí ẹni na aṣọ òfì, nítorí pé ó gbó o lẹ́nu. Òǹkọ̀wé náà fi ẹkún obìnrin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Àwọn ọmọ kíláàsì ń rẹ́rìn-ín, tíṣà náà ń nu omijé ẹ̀rín. Títí dòní, inú mi kì í dùn sí ẹni tó kọ ìwé yẹn.

Nígbà tó kàn mí láti kà, mo dìde, mo pa ìwé dé.

"Ṣé o ò mọ̀wé kà ni?" tíṣà bi mí.

"Mo mọ̀ ọ́n kà, sà. Ibi tí wọ́n ti ń lu obìnrin yẹn ni mi ò fẹ́ kà."

"Àròsọ lásán ni, ìwọ ọmọ yìí!"

Ó nà mí lẹ́gba lọ́wọ́ méjèèjì.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí rí ọwọ́ mi tó wú, wọ́n bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ ìtàn náà fún wọn látòkèdélẹ̀. Wọ́n dá ẹ̀rọ ìránṣọ wọn dúró.

"Báwo ló ṣe parí?"

"Obìnrin náà wá ń gbọ́ràn sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, mà. Ó bí ìbejì, inú gbogbo wọn sì ń dùn."

"Ọkùnrin ló kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo mọ̀. Wọn ò tíì lu òun rí."

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọkọ wọn dá wọn lápá. Ó ní wọ́n bá oníbàárà kan rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Sunday, bó ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, Àǹtí ní kí n di ẹrù wa. A wọkọ̀ lọ sí Inísà, ilé bàbá wọn.

Ọkùnrin náà wá bá wa níbẹ̀, òun àti àwọn àgbà ìjọ rẹ̀. Ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, mo kàn ń kọ́ ìyàwó mi lẹ́kọ̀ọ́ ni."

Bàbá àgbà mi gbà fún un, wọ́n ní kí Àǹtí lọ gbé ẹrù wọn, kí wọ́n bá ọkọ wọn padà. Àǹtí dìde. Wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi bo apá wọn. Igi tí oníṣègùn egungun dì mọ́ ọn ṣì wà níbẹ̀, apá náà sì wú.

"Bàbá, ó lóun ń kọ́ mi. Ẹ sọ ohun tí mo kọ́ fún mi."

Ìyá àgbà jáde láti ẹ̀yìnkùlé, wọn ò tiẹ̀ jókòó.

"Ẹni tí àánú ọkùnrin yìí bá ń ṣe nínú yín, kó lọ mú ọmọ tirẹ̀ fún un."

Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ló tú ìgbéyàwó náà ká. Apá Àǹtí jinná, àmọ́ ó wọ́. Wọ́n dúró sí Inísà, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ rírán síbẹ̀. Èmi padà sọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Òkukù. Ọkùnrin náà fẹ́ ọmọge kan láti Ìbà, ìjọ rẹ̀ sì bá a ṣayẹyẹ.

Mo wà ní Inísà lọ́jọ́ tí ọmọge yẹn dé síwájú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí, tó pọn ọmọ, tí ojú rẹ̀ kan wú dí. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ ṣàlàyé. Àǹtí ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Wọ́n gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kó wọlé.