Ojú Àbúrò Mi Lórí Bàbà

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní ilé-ìwé gíga. Nígbà tó parí, ó padà sọ́dọ̀ mi ní Òkìtìpupa, ó sì gba ẹ̀yìn ilé ìdáná mi. Bàbà pẹlẹbẹ ló fi ń ṣiṣẹ́. Yóò yọ́ ọ̀dà dúdú tó ń sun jáde nínú ilẹ̀ lọ́nà Ìrẹ̀lẹ̀ pọ̀ mọ́ ìda oyin, yóò fi kun bàbà náà, yóò wá fi abẹ́rẹ́ họ àwòrán sí i. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá họ ni iná bátìrì máa jẹ. Ó ní ọpọ́n rọ́bà kan tó bu omi sí, tó da oògùn búlúù tí àwọn olóko kòkó fi ń fín kòkó sínú rẹ̀. Yóò so wáyà bátìrì mọ́tò mọ́ bàbà náà nínú omi, iná á sì máa jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ikán. Tó bá tán, á nu ọ̀dà kúrò, á fi yíǹkì kun ojú ibi tí iná jẹ, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà.

Àbúrò mi obìnrin fúnra rẹ̀ ló ní kó ya òun. Epo pupa gbígbóná ló dà sí i lójú níbi tí a ti ń se epo ní Òde-Ayé, nígbà tó ṣì ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ súnkì bí awọ pọ̀nmọ́. Láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Ọmọ rẹ̀ kó àwọn ọmọ tirẹ̀ wá kí i lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó kéré jù rí i, ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ké pé kí wọ́n lé nǹkan yẹn lọ. Wọn kò kó wọn wá mọ́. Àwòrán tí kò ní àpá ni àbúrò mi fẹ́ fi ránṣẹ́, kí àwọn ọmọ náà lè mọ ojú òun lámọ̀dunjú kí wọ́n tó tún wá.

Ọmọ-ọmọ mi ní kò sí wàhálà, òun máa fo àpá náà. Àbúrò mi jókòó fún un, ó wé gèlè tó ń wé lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yà á tán, a lọ wò ó. Gbogbo àpá ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló fara balẹ̀ yà jù. Àbúrò mi bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọ̀dà dí i.

"Ìyá, àpá yẹn gan-an ni àwòrán. Ìyókù, arúgbó lásán ni."

"Ṣebí o ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí kẹ́ ẹ lè jókòó jẹ́ẹ́."

Ó gbé e sínú omi, ó so wáyà mọ́ ọn, ó jáde lọ ra pépà. Ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tó ń ṣí ọ̀dà? Kẹrosíìnì la fi ń fọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ tí a bá ti oko dé. Àbúrò mi yọ bàbà náà, ó fi àkísà àti kẹrosíìnì nu ojú ara rẹ̀ tó wà lára ọ̀dà kúrò pátá, ó dá a padà sínú omi tòun ti wáyà, ó lọ dáná tó fi ń yan púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa. Ó rò pé ohun tó ti kúrò lára ọ̀dà, ó ti tán nìyẹn. Kò mọ̀ pé ibi tó ṣí sílẹ̀ ni iná bátìrì ń wá.

Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi fi máa dé, iná ti jẹ ojú náà ṣákaṣàka bí ilẹ̀ tí adìẹ tàn. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà: gèlè wà, ọwọ́ wà, ojú dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo rò pé yóò sunkún. Ó pàtẹ́wọ́ ni. Ó ní ó dára ju èyí tí òun yà lọ.

Ó gbé e lọ sí Èkó, wọ́n gbé e kọ́ ògiri níbi ìpàtẹ àwòrán. Nígbà tó dé, ó ní àwọn èèyàn dúró síwájú rẹ̀, wọ́n ń béèrè ohun tó ṣe ìyá náà. Àbúrò mi bi í pé kí ló sọ fún wọn.

"Mo ní n kò mọ̀ ọ́n."

Ó mú ẹyọ kan nínú àwọn tó tẹ̀ sórí pépà wá fún un. Àbúrò mi wò ó, ó ká a, ó ní èyí náà yóò dẹ́rù ba ọmọdé. Ọmọ náà ti ń yọ bàbà tuntun jáde nínú àpò. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, òun máa fo àpá náà lóòótọ́.

Mo sọ fún àbúrò mi pé kò ní fò ó.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ta ló tún wà tó fẹ́ yà mí?"

Ó sì wọlé lọ wé gèlè.