Ilé Ọkọ̀ Lẹ́yìn Ilé Ọkọ Mi

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí ni mo ti ń wò ó. Ní àràárọ̀, bí ìyá ọkọ mi bá ti kírun tán, wọ́n á bu omi sínú abọ́, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á wọ ilé ìdáná àtijọ́ lọ. Tí wọ́n bá máa fi jáde, abọ́ ti ṣófo. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dáná níbẹ̀ mọ́. Gáàsì la fi ń se oúnjẹ nínú ilé. A ò so ewúrẹ́ mọ́ ibẹ̀, kò sí adìyẹ tó ń sàba níbẹ̀. Ta wá ni wọ́n ń fún lómi?

Mo bi ọkọ mi nígbà kan.

Ó ní, "Wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó gbọ́njú."

"O ò wá bi wọ́n rí?"

"Kí n máa bi ìyá mi pé níbo ni wọ́n ń da omi sí? Ìwọ lọ bi wọ́n."

Ó mọ̀ pé n ò ní lè bi wọ́n. Ìyàwó ilé kì í bi ìyá ọkọ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo gbé e mì, ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò níbẹ̀.

Ilé alámọ̀ ni ilé ìdáná náà. Ó fẹ̀, nítorí pé ìyàwó ilé pọ̀ láyé ìgbà yẹn, gbogbo wọn ló sì ń dáná pọ̀. Èéfín ti mú ògiri rẹ̀ dúdú títí tó fi ń dán. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, àmọ́ ògiri ò sán. Ọkọ mi máa ń dúró síwájú rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ wọn ẹnu ọ̀nà, á tún wo ọkọ̀ rẹ̀ níta.

Taasí ló ń wà, láti Ìlá sí Òṣogbo. Ìta gbangba ni ọkọ̀ náà máa ń sùn, òjò ń pa á, ewúrẹ́ àdúgbò sì ti sọ ọ́ di òkè tiwọn. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá òbúkọ kan lórí rẹ̀, tó nàró gbọnrangandan bí ẹni tó fẹ́ ṣe wáàsí.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ mi là á mọ́lẹ̀, nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán. "Màmi, mo fẹ́ sọ ilé ìdáná yẹn di gáráàjì."

Òkèlè tó wà lọ́wọ́ Màmá padà sínú àwo. "Gáráàjì? Nínú àgbàlá bàbá ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmi. A ó fẹ ẹnu ọ̀nà, a ó da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, ó tán."

"Ó tán lóòótọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá sọ ibẹ̀ di gáráàjì, ilé ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin ní Òkè-Ìlá ni kí ẹ ti máa wá kí mi." Wọ́n dìde, wọ́n lọ fọwọ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, báàgì Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Ọkọ mi ní Màmá ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan tí bàbá òun fi sílẹ̀ ni. Èmi ń ro abọ́ omi yẹn. Àmọ́ kí n má purọ́, báàgì yẹn já mi láyà ju gbogbo rẹ̀ lọ. Aṣọ ni mò ń rán, iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Lẹ́yìn Màmá ni ọmọ mi ti kọ́ oorun ọ̀sán, kódà ní báyìí tó ti ń sáré kiri, ẹ̀yìn yẹn náà ló ń wá tóorun bá ń kùn ún. Nígbà tí mo bímọ, tí ìyá mi tó bí mi ò lè wá, Màmá ló fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi. N ò fẹ́ kí wọ́n lọ. Ká tiẹ̀ ní òbúkọ fẹ́ máa ṣe wáàsí lórí ọkọ̀ títí láé, kó máa ṣe é.

Báàgì náà ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí àǹtí ọkọ mi, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń gbé ní Ire, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Wọn ò jókòó.

"Ìyàwó wa, ṣé òótọ́ ni ohun tí a gbọ́?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà. Kí lẹ gbọ́, mà?"

"Pé àwọn ọmọ gáráàjì ni yóò máa jà nínú àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi! Pé wọ́n á máa mu paraga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé! Níbo lẹ ti wá fẹ́ tọ́ ọmọ obìnrin?"

"Ọmọ gáráàjì wo, mà?"

"Ṣé ọkọ ẹ kọ́ ló ní òun ń kọ́ gáráàjì? Èrò Òṣogbo, èrò Ìlọrin, ṣé ojú balùwẹ̀ wa ni wọ́n á máa gbà lọ wọkọ̀ ni?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ẹ̀rín gbé mi débi pé mo fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ mú.

"Ó tún ń rẹ́rìn-ín!"

Ohùn Màmá jáde láti inú pálọ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀. Òun ni wọ́n fẹ́ fi já tíkẹ́ẹ̀tì."

Mo sáré wọlé lọ bá wọn. "Màámi, ọkọ̀ ẹyọ kan péré ni, mà. Ọkọ̀ ọmọ yín. Ibi tí yóò máa sùn ni wọ́n ń pè ní gáráàjì."

"Kò sérò?"

"Kò sérò, mà."

"Kò sẹ́ni tó ń pariwo Òṣogbo, ó ku ẹnì kan?"

"Rárá o, mà."

Wọ́n ní, "Kí ló wá dé tí kò pè é ní ilé ọkọ̀?"

Àǹtí wa pàtẹ́wọ́. "Ilé ọkọ̀! Ìyàwó ń bẹ nílé ọkọ, mọ́tò ń bẹ nílé ọkọ̀. Èwo nínú yín ni ọmọ wa yóò máa kọ́kọ́ tọ́jú láàárọ̀?"

Màmá ní, "Mọ́tò ni. Òun kì í fèsì."

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, mo ti ń wo báàgì yẹn pé kí n gbé e padà sí yàrá. Àfi bí Màmá ṣe ṣàdédé bi mí:

"Ilé ọkọ̀, mo gbọ́. Sìmẹ́ǹtì yẹn ńkọ́?"

Àǹtí wa wolẹ̀. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n mọ nǹkan kan tí èmi ò mọ̀. N ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ta lẹ máa ń bu omi fún níbẹ̀?"

Àǹtí wa ló sọ̀rọ̀. "Ẹ sọ fún un. Ṣebí tiẹ̀ náà wà níbẹ̀."

Tèmi?

Màmá fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Inú ilé ìdáná náà ń rùn fún èérú àtijọ́. Wọ́n mú mi dé ìdí ògiri tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ̀ kòtò díẹ̀, ó dúdú, ó tutù, ewé wẹ́wẹ́ kan tiẹ̀ ti hù sí etí rẹ̀.

"Ìdí àmù nìyí," ni wọ́n wí. "Ibí ni a sin ibi ọkọ ẹ sí nígbà tí mo bí i. Ibi àwọn yòókù náà wà níbẹ̀, àti ti bàbá wọn. Ti ọmọ ẹ ló kẹ́yìn."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀. Mo rántí nọ́ọ̀sì tó di ibi ọmọ mi, èyí tó tẹ̀lé e jáde lára mi, sínú náílọ̀n dúdú tó sì gbé e fún Màmá. Oorun ń kùn mí nígbà yẹn. Èmi tí mo ń wádìí gbogbo nǹkan, n ò béèrè ibi tó wọlẹ̀ sí rí. Lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀tan, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìyá mi máa ń sin tiwọn sí.

"Kí ló dé tó jẹ́ ìdí àmù, mà?"

"Àmù máa ń ro omi sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ilẹ̀ tí ibi ọmọ wà bá tutù, ara ọmọ náà á tutù. Nígbà tí àmù fọ́, bàbá wọn ra fíríìjì. Fíríìjì kì í ro omi sílẹ̀. Mo wá ń bù ú wá fúnra mi."

"Nígbà tí ibà mú ọmọ mi lọ́jọ́sí ńkọ́?"

"Ìwọ gbé e lọ sí ọsibítù, èmi bu omi kún omi."

"Màámi, èwo ló wá wò ó sàn?"

"Kí n ti ṣe mọ̀? Ara ọmọ ṣá ti tutù."

Nígbà tí ọkọ mi dé láti Òṣogbo, mo sọ fún un. Ó kọ́kọ́ ní bóyá ká hú u lọ síbòmíràn. Màmá ní a kì í hú u. Ó tún rọra béèrè bóyá kò lòdì sí ẹ̀sìn.

"Ṣé Ọlọ́run ní kí n jù ú fún ajá ni? Mo sin ín ni. Kí ló tún kù?"

Èmi ni mo wá sọ pé ṣé gbogbo ilẹ̀ ni táyà ń tẹ̀ ni? Ká da sìmẹ́ǹtì sí ojú ọ̀nà táyà méjèèjì, ká fi ìdí àmù sílẹ̀ ní erùpẹ̀. Màmá ò sọ pé ó dáa, wọn ò sọ pé kò dáa. Wọ́n kàn tú báàgì wọn, wọ́n yọ ìró kan, wọ́n ní kí n bá wọn ṣẹ́ etí rẹ̀.

Bíríkìlà fẹ ẹnu ọ̀nà, ó gbé kọnkéré sókè rẹ̀. Wẹ́dà ṣe ilẹ̀kùn onírin. A pààrọ̀ páànù. Bíríkìlà ń béèrè ṣáá pé kí ló dé tí a fẹ́ dá ilẹ̀ ẹ̀yìn yẹn sí. Màmá ní, "Ilé lẹ̀ ń mọ, ẹ máa mọ ilé."

Ọjọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ wa ọkọ̀ wọlé, orí ló fi wọ̀ ọ́. Kò tíì pa ẹ́ńjìnnì tí Màmá fi ké. Ẹ́ńjìnnì wà lókè ìdí àmù gẹ́lẹ́, ooru ń jáde lára rẹ̀, epo dúdú sì ń kán.

"Gbé e jáde! Ṣé o fẹ́ sun ara ẹ ni?"

"Màmi, ilé ọkọ̀ náà ni mo gbé e wọ̀."

"Ìdí ni kí ó máa fi wọlé. Orí ẹ̀ ló gbóná."

Bó ṣe di pé ìdí ni ọkọ̀ wa ń fi wọlé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Àwọn aládùúgbò ní ọkọ mi ti ń ṣe bíi dírẹ́bà gómìnà. Ó kàn máa ń jùwọ́ sí wọn.

Orúnkún Màmá ò jẹ́ kí wọ́n lè fún ara wọn gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá mọ́, nítorí náà èmi ni mò ń gbé abọ́ omi wọlé láàárọ̀. Èéfín ògiri máa ń lẹ̀ mọ́ èjìká mi. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi tẹ̀ lé mi, ó yọjú láàárín ọkọ̀ àti ògiri, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti dúdú.

"Mọ́mì, ta lẹ ń fún lómi?"

Mo ní, "Ìwọ ni."

Ó wo ilẹ̀ tó tutù náà, ó wò mí, ó wo abọ́.

"Èmi ti mu omi, mà."