Mẹ́dàlì Mẹ́rin Tó Wà Láyà Bàbá Mi

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Eruku funfun bo orí páànù gbogbo ilé ní Ìkòsì, oòrùn yọ, a sì lè wò ó lójú kòrókòró bí ẹni ń wo òṣùpá. Ètè mi ti ya. Mo fi òrí pa ẹsẹ̀, mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, mò ń ṣa ẹ̀wà tí mo fẹ́ sè, nígbà tí àkọ́bí mi ọkùnrin wọlé. Àdúgbò Anthony ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í sábà wá láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà bí mo ṣe rí i ni mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kò dá wá. Ọ̀gá sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló tẹ̀ lé e, òun ni alága kọmítì tí ṣọ́ọ̀ṣì wa yàn pé kó bójú tó òkúta ìrántí.

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ ti rí òkúta náà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwò ó. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́. Orúkọ gbogbo ọmọ ìjọ wa tó ti jagun rí ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ sí i lára kí ọjọ́ ìrántí àwọn sójà tó pé. Gbogbo èèyàn ló ti mú ìwé wá fún bàbá tiwọn, fún ọkọ tiwọn. Bàbá tèmi nìkan ni wọn ò tíì gbà wọlé, nítorí kò sí ìwé. Nígbà tí wọ́n kú, àbúrò wọn ló kó àpótí wọn lọ sí Ajégúnlẹ̀ létí odò, ìwé sójà wọn àti mẹ́dàlì wọn wà nínú ẹ̀. Omi ya wọlé ní ọdún kan, ó gbé àpótí lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tó wà lára ògiri yàrá mi ló kù, níbi tí wọ́n ti wọ kóòtù, tí mẹ́dàlì mẹ́rin sì wà láyà wọn. Fọ́tò yìí ni wọ́n wá wò.

Ọmọ mi ti gbé e lọ sí ilé kọ̀ǹpútà kan ní Kétu ṣáájú, wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ títí ó fi tó àtẹ. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bí wọ́n ṣe fẹ̀ ẹ́ tó yìí, ojú mẹ́dàlì kúkú ti ṣú bàìbàì, èèyàn kàn lè mọ̀ pé méjì rí bí ìràwọ̀, méjì rí róbótó. Ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n fi gbé wọn kọ́ ló wá mọ́ kedere, ó dúdú, ó ní ìlà funfun tín-ín-rín tín-ín-rín. Ọ̀gá sójà fi gíláàsì sójú, ó ṣí ìwé ńlá kan tó mú dání, ó wo ìwé, ó wo fọ́tò, ó mi orí.

Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú o. Mẹ́dàlì mẹ́rin, ríbọ́ọ̀nù kan náà. Kò sí irú ẹ̀ nínú iṣẹ́ sójà. Mẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tiẹ̀, òun la fi ń dá wọn mọ̀.”

Mo ní, “Aṣọ etù ni.”

Ọmọ mi ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá parí ọ̀rọ̀ wọn.”

Ọ̀gá sójà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn onífọ́tò ayé àtijọ́ máa ń yá èèyàn ní kóòtù, wọ́n máa ń yá èèyàn ní aago ọwọ́, pé ó jọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti yá bàbá ní mẹ́dàlì. Ó ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣe é, ẹ̀yẹ ni wọ́n fi ṣe. Mo tún ní etù ni, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ọmọ mi gbọ́wọ́ sókè sí mi bí àwọn wọ́dà ojú títì ṣe máa ń dá mọ́tò dúró, ó ń tẹ́tí sí ọ̀gá sójà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Mọ́mì, ṣé bàbá àgbà tiẹ̀ lọ sógun lóòótọ́?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo mọ ìdí tí ríbọ́ọ̀nù fi jẹ́ ọ̀kan náà. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n láyé. Wọ́n sì ń wo bébà, wọn ò wò mí.

Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ìkòsì tí ẹ rí tó kún fún ẹ́sítéètì yìí, oko ẹ̀gẹ́ àti igbó ló pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà yẹn. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ ogun. Wọ́n ń tiro díẹ̀ lẹ́sẹ̀ òsì, wọ́n ń dáko bíi ti gbogbo ará ilé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń gbé agolo bisikíìtì kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, wọ́n á kó mẹ́dàlì mẹ́rin jáde, wọ́n á sì kó wọn fún mi kí n fọ̀ wọ́n, torí pé àwọn tó jagun fún òyìnbó ní ilẹ̀ Bọ́mà máa ń pàdé ní Èkó láti yan bí ológun. Èmi ni wọ́n máa ń gbé e fún nítorí ọwọ́ mi kéré, ó lè wọ igun gbogbo.

Eérú tí mo fi asẹ́ sẹ́ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń fọ̀ wọ́n, tojú tẹ̀yìn. Àwọn onírààwọ̀ pọ́n bí idẹ, ẹnu mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ní, wọ́n sì máa ń gún mi lọ́wọ́. Àwọn róbótó funfun, orí ọba òyìnbó wà lára méjèèjì. Ọ̀kan dé adé, èkejì wà lórí lásán. Mo rò pé ọba méjì ni, àánú èyí tí kò ní adé máa ń ṣe mí, tiẹ̀ ni mo máa ń fọ̀ pẹ́ jù.

Ọdún tí nǹkan bà jẹ́, mo wo ríbọ́ọ̀nù wọn, mo rí i pé òógùn ti mú wọn dọ̀tí. Kò sẹ́ni tó ní kí n fọ ríbọ́ọ̀nù. Èmi ni mo gbọ́n jù. Mo da omi gbígbóná sórí eérú, mo sẹ́ ẹ sínú igbá bí a ti ń sẹ́ omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú, mo ri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ẹ̀, mo bá lọ pọn omi. Ìgbà tí mo fi máa dé, omi náà ti pọ́n, ó ti dúdú, ó ti dà bí ìdọ̀tí àgbàrá. Mo fa ríbọ́ọ̀nù kan, ó já sí mi lọ́wọ́ bí ewé tó ti rà. Ọ̀la ni bàbá mi fẹ́ lọ yan.

Màmá mi kò lù mí. Wọ́n wo inú igbá, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “O kú iṣẹ́. Lọ mú abẹ́rẹ́ wá.” Wọ́n tú ìró etù tí wọ́n fi ṣègbéyàwó jáde, wọ́n gé etí rẹ̀, wọ́n pín in sọ́nà mẹ́rin, wọ́n sì rán an mọ́ mẹ́dàlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí bàbá mi dé láti oko, wọ́n bèèrè ẹni tó ṣe é. Màmá mi ní, “Èmi ni. Mo fẹ́ kó mọ́ ni.” Bàbá mi wo màmá mi, wọ́n wá wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí mo sá sí.

Bàbá mi wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yà sílé onífọ́tò, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ yan. Nígbà tí wọ́n dé, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n ní àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn ti fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ kú, wọ́n bi àwọn pé ṣé ìyàwó àwọn ni gómìnà tó ń fún èèyàn ní mẹ́dàlì. Wọ́n ní àwọn dá wọn lóhùn pé, “Ìyàwó tiyín, omi ìwẹ̀ lásán kò fún yín.” Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ etù náà títí wọ́n fi kú. Màmá mi náà kú, wọ́n gbé ẹ̀bi mi dání lọ, mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kan rí.

Mo gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gá Sójà, inú ìwé yín yẹn, ṣé ẹ̀yìn mẹ́dàlì wà níbẹ̀, àbí iwájú nìkan?”

Ó ní, “Méjèèjì wà níbẹ̀, Màmá.”

“Ẹ ṣí i. Ẹ má fi hàn mí o. Àwọn onírààwọ̀ yẹn, ẹ̀yìn wọn dán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èyí tí ọba ti dé adé, kìnnìún kan ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ó dúró lórí ẹranko kan tó ní orí méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀ ibí, ọ̀kan nísàlẹ̀ ọ̀hún. Èyí tí ọba ò dé adé, igi ló wà lẹ́yìn ẹ̀, adé wà lórí igi náà, kìnnìún kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo máa ń sọ pé ọba yẹn ló gbàgbé adé ẹ̀ sórí igi.”

Ọ̀gá sójà ṣí ìwé. Ó padà sẹ́yìn, ó tún ṣí i síwájú. Ó fi ìka tẹ ibì kan, ó fi tẹ ibòmíràn, ó dárúkọ nǹkan mẹ́rin ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ mi. Ó ní mẹ́rin yẹn gan-an ló máa ń wà pa pọ̀ láyà ẹni tó ja ogun Bọ́mà, pé onífọ́tò lè fi mẹ́dàlì kọ́ èèyàn láyà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n ọmọdé kò lè ti ibẹ̀ mọ ẹ̀yìn wọn báyìí. Ìgbà náà ni mo wá ráyè sọ ọ̀rọ̀ eérú àti etù. Wọ́n gbọ́ ọ dópin. Ọ̀gá sójà bọ́ gíláàsì rẹ̀.

“Ṣùgbọ́n Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò tètè sọ?”

Mo wò ó. Mo wo ọmọ mi. Ọmọ mi ń wo ilẹ̀.

Wọ́n kọ ìwé sí kọmítì lójú mi. Mo ní kí ọmọ mi kà á sí mi létí. Wọ́n kọ ọ́ pé alága yẹ fọ́tò wò, ó sì dá àwọn mẹ́dàlì mọ̀. Ọmọ mi ní bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mo fi ìyẹn sílẹ̀. Ó wá ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀gá sójà ní orúkọ àwọn yòókù ti lọ sọ́dọ̀ agbẹ́kùúta láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pé kí n fọkàn balẹ̀, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ wọn á wá bí wọ́n ṣe máa fi ti bàbá kún un. Mo ní ó dáa. Mo ní kó kọ orúkọ náà sínú bébà kan fún mi, gadagba, kó fọwọ́ sí i. Ó rò pé mo fẹ́ fi pa mọ́ ni, ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò sọ pé ayé àtijọ́ dára ju tòní lọ. Láyé àtijọ́ wọn ò rán mi lọ síléèwé kọjá kíláàsì kejì, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ohun tó yí padà tó ń bí mi nínú ni pé tẹ́lẹ̀, bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ̀ nípa òkú, ọ̀dọ̀ ẹni tó bá òkú náà gbélé ló máa ń kọ́kọ́ lọ, á jókòó, á bèèrè. Ní báyìí, ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n fi wákàtí kan bèèrè lọ́wọ́ bébà. Mi ò sì lè bá ọmọ mi jà. Èmi ni mo rán an níléèwé tó ti kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo wẹ̀, mo jẹun, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ìsọ̀ agbẹ́kùúta náà ní Kétu. Òkúta wa wà nílẹ̀ níbẹ̀, orúkọ ti kún un. Mo fún ọkùnrin náà ní bébà. Ó wò ó, ó họ orí, ó ní, “Màmá, àyè ti tán o. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló kù, tí wọ́n bá sì rì í mọ́lẹ̀, koríko máa bò ó níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Ẹ dúró di ọdún tó ń bọ̀.”

Mo fa bẹ́ǹṣì rẹ̀ sábẹ́ ibòji, mo jókòó. Mo ní kó gbẹ́ ẹ síbẹ̀ lónìí yìí lójú mi, koríko tó bá hù níbẹ̀, èmi ni màá máa tu ú.