Àpótí Sylvain ní Houinmè

Bí ẹ bá wọ ilé kọ̀ǹpútà Sylvain Ìgè ní Houinmè, ẹ óò rí àpótí dúdú kan lórí pákó. Íńtánẹ́ẹ̀tì wa ní Àjàṣẹ́ máa ń wọ́ bí ìgbín, òun ló jẹ́ kí Sylvain rà á. Ojú ìwé tí oníbàárà kan bá ti ṣí, àpótí náà á pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́, kí ẹlòmíràn lè rí i kíá.

Ọ̀nà méjì ló wà láti gbé e kalẹ̀. Ó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ní kó yà níbẹ̀ máa yà. Ó sì lè dúró láàárín ọ̀nà, kí gbogbo wọn máa gba ibẹ̀ kọjá láìmọ̀. Sylvain tí mo mọ̀, ìbéèrè máa ń sú u. Ó mú èkejì, ó ní kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Lọ́jọ́ Ajé, èsì ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ olùkọ́ jáde. Safouratou wá láti Dowa, kò rí orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́rú, ó gbọ́ pé wọ́n ti tún àtòjọ náà ṣe, ó padà wá. Ti ọjọ́ Ajé náà ni àpótí tún gbé fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé tuntun rèé?"

"Ohun tí o rí yẹn náà ni." Sylvain ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìkẹyìn tí àwọn tó yege lè mú ìwé wọn wá. Lọ́jọ́ Ẹtì, Sylvain ṣí àtòjọ náà lórí fóònù ara rẹ̀ nílé. Orúkọ Safouratou wà ní ìlà kẹsàn-án. Sylvain rántí ọjọ́ mẹ́ta tó fún àpótí. Ó kọ́kọ́ ní òun á dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Èrò yẹn gan-an ló jẹ́ kó kórìíra ara rẹ̀.

Ó gun alùpùpù lọ sí Kraké, níbi tí Safouratou ti ń bá àǹtí rẹ̀ tajà. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Ọmọbìnrin náà ò bú u, ì bá sàn kó bú u. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó wá béèrè:

"Ẹ̀gbọ́n, àwa mélòó la wò ó lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́rú?"

Sylvain ò tíì ronú débẹ̀. Ó padà sí Houinmè, ó yẹ àkọsílẹ̀ àpótí náà wò. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló gbé àtòjọ àtijọ́ fún lọ́jọ́ náà. Nínú wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni Sylvain mọ orúkọ rẹ̀.