Ìkarahun Tí Akàn Ń Gbé

Ilé wa ní Ìjù-Odò jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n òórùn òkun kò kúrò níbẹ̀ rí. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé ni ìyá mi ti ń fi ìkarahun òkun ṣe àtùpà. Ọ̀sán ni mo fẹ́ràn jù. Oòrùn á máa gba àárín ewé wọlé, ìyá mi á máa lọ ìkarahun lórí òkúta pẹ̀lú iyanrìn tútù títí yóò fi fẹ́lẹ́, oorun á sì máa kùn mí bí mo ṣe ń sín wọn mọ́ okùn. Bàbá mi, tíṣà tí ìjọba gbé wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ló máa ń tẹ wáyà tí a ń fi wọ́n kọ́. Àwọn ará àdúgbò ní a kàn ń fi èérún òkúta ṣeré ni. Inú a máa bí mi gidi. Kí wọ́n wá wo ibi tí gílóòbù ti tàn nínú rẹ̀, tí ògiri di aláwọ̀ oyin, kí n mọ ẹni tó máa tún la ẹnu.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ni wọ́n kọ́ ìyá mi ní iṣẹ́ náà. Etí òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ ni wọ́n bí wọn sí, ọkọ ló gbé wọn wá sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi lélẹ̀: èyí tí òkun bá fọwọ́ ara rẹ̀ jù sórí iyanrìn nìkan ni ká mú, kò sì gbọdọ̀ sí ẹ̀mí nínú rẹ̀. Àwọn ìbátan wọn tó ń ṣà á fún wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí àpò bá ti dé láti Igbókòdá, a ó kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ sínú bàsíà omi iyọ̀ di ọjọ́ kejì, bóyá nǹkan kan á rìn jáde. Nǹkan kan ò rìn jáde rí.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, ojú ìyá àgbà ti ń ṣú. Wọ́n ní ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ta aṣọ funfun síwájú àwọn, aṣọ náà sì ń nípọn sí i. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ ìyá mi fún: kí wọ́n mú wọn lọ wo òkun kí aṣọ yẹn tó bo ojú tán.

"Ìyé, ẹ jẹ́ kí uṣẹ́ dínkù díẹ̀," ni ìyá mi máa ń wí.

Iṣẹ́ kì í dínkù. Ọkọ̀ ojú omi ló ń ba ìyá mi lẹ́rù, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Wọ́n wá pinnu pé àwọn á fi àtùpà ṣe òkun fún ìyá wọn, ká gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Ìkarahun tó máa wà lórí àtùpà náà ni wọ́n ń wá kiri. Nígbà tí àpò kan dé, wọ́n rí i. Ó tó ìkúùkù, inú rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí etí ọmọ tuntun. Ayọ̀ ò jẹ́ kí wọ́n rántí bàsíà. Wọ́n gbé e lé òkúta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń fẹ́lẹ́ nígbà tí ìyá mi pariwo, tí wọ́n jù ú sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tín-ín-rín ti yọ lẹ́nu rẹ̀. Akàn kékeré kan ni, irú èyí tí kò ní ìkarahun tirẹ̀, tó máa ń kó sínú ti ẹlòmíràn.

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ayálégbé ni! Ẹ sì ti fẹ́ wó ilé lé e lórí."

Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n fi akàn náà sínú omi iyọ̀ kíákíá. "Ulé ọlọ́mọ la fẹ́ wó yìí. A ó dá a padà sókun."

Ìyá mi ní ká fi rán ọlọ́kọ̀ Igbókòdá.

"Ọlọ́kọ̀ kọ́ ló jí i gbé," ni ìyá àgbà wí. " Èmi ni mo máa gbé e lọ."

Ìyá mi wo ojú bàbá mi. Bàbá mi ní, "Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká múra." Mo wo ìyá àgbà, mo rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

A wọ bọ́ọ̀sì dé Igbókòdá, a wọ ọkọ̀ ojú omi. Omi náà dúdú, ó sì dákẹ́. Èéfín ẹja tí wọ́n ń yan ń fò kọjá lórí wa, àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sórí igi ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí ohun tí à ń rí lójú àlá. Ìyá mi di ojú, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọkọ̀ mú. Ìyá àgbà gbé bàsíà kékeré lé itan, wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ símú. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí nǹkan kan ni wọ́n ti ní, "A ti dé."

Lórí iyanrìn, wọ́n gbé akàn náà kalẹ̀, wọ́n fi ìkarahun òfìfo mìíràn tì í, a sì dúró. Akàn náà fi ọwọ́ wọn ẹnu ọ̀nà ilé tuntun náà. Lójijì, ó bọ́ jáde níhòòhò, ó kó wọlé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ìyá àgbà ṣa ìkarahun tó fi sílẹ̀, wọ́n nà án sí ìyá mi. "Ó ti kó jáde. Ó di tìrẹ."

Wọ́n wá yíjú sí òkun.

"Ìyá àgbà, ṣé ẹ rí i?" mo bi wọ́n.

"Mo rí funfun kan tó ń wá, tó tún ń padà. Òun náà ni."

Ìyá mi kúnlẹ̀ nínú iyanrìn, wọ́n ń sunkún. "Ìyé, ẹ má bínú pé mo fi falẹ̀." Òkun ni ìyá àgbà ṣì ń wò. Ayọ̀ kún inú mi tó fi ń dùn mí láyà.

Ìkarahun akàn yẹn ló wà lórí àtùpà náà. Kò pẹ́ tí ojú ìyá àgbà fi ṣú pátápátá. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, wọ́n á na ọwọ́ sí i. Bí gílóòbù bá ti mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á ní, "Òkun ti tàn."

Ṣùgbọ́n iná kì í sábà wà láyé ìgbà yẹn. Bí kò bá sí iná, ìyá mi á yọ ìkarahun náà, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó, wọ́n á máa mí sínú rẹ̀ títí yóò fi gbóná, kí wọ́n tó fi lé ìyá wọn lọ́wọ́. "Òkun ti tàn," ni ìyá àgbà á wí nínú òkùnkùn. Wọ́n á di ìkarahun náà mú, wọ́n á sì di ọwọ́ ìyá mi mú mọ́ ọn.